Ìkéde Ìpàdé fún Gbogbo Dókítà Ẹgbẹ́ Wa ní Òṣogbo, Ọdún 2021

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní Òkè-Fìà, ní ilé ìwòsàn alága wa. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà àti owó la fẹ́ sọ.

Inú fíríìjì tó tutù ní ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ni abẹ́rẹ́ Kòrónà tí wọ́n ń pè ní AstraZeneca gbọ́dọ̀ wà. Tí a bá ti ṣí ìgò kan, wákàtí 6 péré la ní. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni. Iná kì í dúró, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, àwọn oníbà àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń retí wa. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ yìí, a ò sì gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló wá fẹ́ ra epo?

Ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ní Àbújá pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná yóò máa lọ sí ètò ìlera. Ó dùn wá pé ìlérí náà ò tíì ṣẹ nílẹ̀ wa.

A fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìpínlẹ̀ lórí owó tí à ń ná sórí abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àkọsílẹ̀ owó epo àti owó àwọn nọ́ọ̀sì yín dání. Ẹni tí kò bá ráyè wá, kó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́