Kí Ọmọ Tó Yáwó Kọ́ Ijó, Ẹ Sọ Iye Tó Wà Níbẹ̀ Fún Un

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òbí tí ò gbọ́n ló ń jẹ́ kọ́mọ ẹ̀ lọ kọ́ ijó ní yunifásítì, mo rẹ́rìn-ín títí, torí télọ̀ ni mí, aṣọ àwọn oníjó ni mo ń rán jù níbí l'Ájílósùn, àwọn tó ń jó àpíìrì o, àwọn tó ń jó tìgbàlódé níbi ìgbéyàwó o, kọ́sítọ́mà mi ni gbogbo wọn. Tí òde bá wà, wọ́n á sanwó lójú ẹsẹ̀, wọ́n á tún ní kí n fi ìlẹ̀kẹ̀ kún un. Tí òde ò bá sí, pàápàá nígbà ààwẹ̀, aṣọ á kàn máa kọ́ sára ògiri mi, wọ́n á ní "Mọ́mì, ẹ fún wa di Ọjọ́rú." Ọjọ́rú wo!

Torí ẹ̀, bàbá yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Ohun tí ò bi wá ló yẹ kó bi wá: èló lọmọ máa jẹ ní gbèsè kó tó gboyè, èló ló sì máa máa rí lẹ́yìn ẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba wọn ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní College Scorecard, 2015 ni wọ́n ṣí i, nígbà tó di 2019 ni wọ́n wá ń ya kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, èèyàn á rí iye tí àwọn tó ka kọ́ọ̀sì yẹn jáde ń gbà àti gbèsè tó wà lọ́rùn wọn. Kì í ṣe ẹni tó lówó jù ni wọ́n ń mú o, wọ́n á to gbogbo wọn láti orí ẹni tó ń gba kékeré dórí ẹni tó ń gba ńlá, owó ẹni tó bọ́ sí àárín ni wọ́n á kọ. Ẹ wo Juilliard, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní New York, tó ti ń kọ́ ijó láti 1951, owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ síta lé ní 50,000 dọ́là lọ́dún. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ń pè ní Purchase náà ń kọ́ ijó ní ìpínlẹ̀ New York kan náà, ti ìjọba nìyẹn, owó ẹ̀kọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ ò tó 10,000. Àwọn ọmọ méjèèjì ló sì máa jọ lọ ṣe ìdánwò níwájú ẹgbẹ́ ijó kan náà. Àmọ́ Juilliard máa ń fún ọ̀pọ̀ wọn ní sìkọ́láṣíìpù, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ síta ni wọ́n ń san, gbèsè tí ọmọ jẹ gan-an ló yẹ kéèyàn máa wò.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló hàn síbẹ̀ náà ṣá. Kíláàsì oníjó kéré, bíi 24 ni Juilliard ń gbà lọ́dún, tí àwọn tó jáde bá ti kéré jù, wọn kì í kọ owó wọn síta kí àṣírí ẹnì kan má baà tú, àyè yẹn á kàn ṣófo ni. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé gbèsè tí ọmọ fúnra ẹ̀ jẹ ni wọ́n ń kọ síwájú, èyí tí ìyá ẹ̀ lọ yá torí ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ ìyẹn sí. Ṣé irú ẹ̀ ò sí l'Ékìtì ni? Èyí tí àwa ń yá ní kọpurétíìfù, ta ló ń kà á mọ́ gbèsè ọmọ?

Ó sì ti kàn wá báyìí. Láti 2024 ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún owó yíyá akẹ́kọ̀ọ́, ti ń yá àwọn ọmọ lówó, wọ́n á san owó ilé-ìwé tààrà, wọ́n á fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù, kò sí èlé lórí ẹ̀, tó bá di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ tó sì ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n owó oṣù wo ni wọ́n fẹ́ yọ lọ́wọ́ oníjó? Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni wọ́n ti máa ń pín owó tí wọ́n bá ti òde dé, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó mọ́tò, wọ́n á yọ ti onílù, ọ̀gá á mú tiẹ̀, ẹni tó jó níwájú á gba díẹ̀ sí i, ẹni tó pẹ́ẹ́ dé, wọ́n á gé tiẹ̀. Owó tí wọ́n ná wọn ní pátì, àpò ọ̀tọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ nìjà pọ̀ sí jù.

Yunifásítì méjì tó wà l'Ékìtì, EKSU níbí àti FUOYE l'Ọ́yẹ̀ẹ́, ní ẹ̀ka tíátà àti mídíà, ti ìpínlẹ̀ lọ̀kan, ti ìjọba àpapọ̀ lèkejì, owó wọn ò dọ́gba. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ lọ, ó ń sọ Kaffy, oníjó tó lókìkí yẹn, fún mi ṣáá, pé wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé Guinness ní 2006. Ó dáa, mo gbọ́, kí Ọlọ́run ṣe tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni àárín yẹn ni mo fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀, kì í ṣe Kaffy.

Kò sì le. Àwọn sẹ́ẹ̀tì tó ti jáde láti bí ọdún márùn-ún ní WhatsApp wọn, kí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka náà bi wọ́n lọ́dọọdún: èló lò ń rí lóṣù tó dáa àti lóṣù tí ò dáa, èló lo jẹ ní gbèsè, èló ni ìyá ẹ jẹ. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnì kankan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí àwọn tó ń wá kọ́ọ̀sì á ti rí i. Tí wọ́n bá sì ń wá àwọn oníjó tó ti jáde yẹn tí wọn ò rí wọn, mo lè bá wọn pè wọ́n, inú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni nọ́ńbà wọn wà.

Èmi Ìyá Télọ̀,
Ajílósùn, Adó-Èkìtì