Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Wọ́n Lẹ́nu Rẹ̀ Ṣì Lè Kọrin

Sí Olóòtú,

Mo ka àlàyé tí ẹ ṣe lórí àrùn rọpárọsẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹ mẹ́nu ba ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ àjẹjù àti bí ó ti yẹ kí a sáré gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn. Ohun tí mo rò pé ó ṣẹ́ kù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀pọ̀ ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bá kú ni ọ̀rọ̀ máa ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún náà ni ibùdó ọ̀rọ̀ wà.

Bó ṣe rí fún màmá mi nìyẹn. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù lẹ́nu wọn, wọ́n a sì máa sọ ọ́ kódà nígbà tí wọ́n bá ń mi orí pé rárá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àbúrò mi dá orin ìjọ kan lẹ́bàá ibùsùn wọn, la bá gbọ́ tí màmá gbè é tọ̀rọ̀ tohùn, títí dé ìparí ẹsẹ kejì. Nọ́ọ̀sì kan ní kí a dákẹ́ ariwo. N kò dá a lẹ́bi, a kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí a rí yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1745, Olof Dalin, ará Sweden, ṣe àkọsílẹ̀ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn, síbẹ̀ tó ń kọ orin ìjọ ketekete bí ẹlòmíràn bá bá a dá a. Orin kò fi ara ti apá kan ọpọlọ bí ọ̀rọ̀ ti ṣe. Apá méjèèjì ló ń lò. Èyí ni àwọn oníṣègùn kan ní Boston rò tí wọ́n fi gbé ìtọ́jú kan kalẹ̀ ní 1973: a ó fa gbólóhùn kúkúrú bí ẹni ń kọrin, a ó máa fi ọwọ́ òsì aláìsàn lu sílébù kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa dín orin náà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ọ̀rọ̀ lásán.

Níbi tí mo dé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ Yorùbá. Àwọn ará Boston ní láti wá ohùn orin fún gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì; tiwa ti bá ohùn tirẹ̀ wá. "Òùngbẹ ń gbẹ mí" ti jẹ́ dò dò re mí re mí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ lórin. Bí a bá gbé ohùn àjèjì lé e, a ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ ti í di ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ṣe irú ìtọ́jú yìí fún Yorùbá ní láti jókòó ti àwọn onídùndún. Èmi fi gbólóhùn òùngbẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú màmá, mo ń fi ọwọ́ òsì wọn lu itan wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó dá a sọ. Oríkì Ìkòyí, tí í ṣe orílẹ̀ wa, ló yá wọn lẹ́nu jù.

Gbígbọ́ orin lásán pàápàá ní èrè. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008 láti Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ kan ń gbọ́ orin tí wọ́n fúnra wọn yàn lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, àwọn kan ń gbọ́ ìwé kíkà, àwọn yòókù kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́ta tí àìsàn ti kọlù wọ́n, agbára ìrántí ọ̀rọ̀ àwọn tó gbọ́ orin ti fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sàn ju ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ti àwọn tí kò gbọ́ nǹkan jẹ́ ìdá 29, ti àwọn olùgbọ́ ìwé jẹ́ ìdá 18. Ìbànújẹ́ ọkàn àwọn tó gbọ́ orin náà kò sì tó ti àwọn tí kò gbọ́ nǹkan.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi orin rọ́pò oògùn, kì í sì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ohùn rẹ̀ ń padà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ bi àwọn dókítà tó ń kọ ojú ewé ìlera yín bí ẹbí ṣe lè ṣe é nílé, kí ẹ sì bi àwọn alákòóso ilé ìwòsàn wa ìdí tí rédíò kékeré àti orin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fi jẹ́ èèwọ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ afẹ̀yìntì kan, Ìbàdàn.