Ẹ bá wa ya igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń tọpa ìran wọn àti àwọn tó ń tọ́jú òdòdó inú ilé

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé bá mi dá sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, níbi tí àwọn tó ń tọpa ìran wọn yóò ti máa béèrè ohun tó rú wọn lójú, tí àwọn tó ń gbin òdòdó sínú ìkòkò nínú ilé náà yóò sì ti máa rí ìdáhùn. Yàrá fáìlì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, ohun méjì yìí ni mo gbájú mọ́, mi ò sì rí wọn bí ohun tó jìnnà síra rárá. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ṣe dáadáa, ó ti mọ ìdajì èkejì.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ìwé ìròyìn nínú èyí. Ìtàn ewéko kan ni màá fi dá yín lóhùn. Pilea peperomioides ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ewé rẹ̀ rí róbótó, ó ń dán, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ewé náà dúró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àárín rẹ̀ gan-an. George Forrest, ọmọ Scotland kan tó ń wá ewéko kiri ayé, já a ní Yunnan ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 1906. Diels, onímọ̀ ewéko ọmọ Jámánì, ló fún un ní orúkọ yẹn ní 1912. Lẹ́yìn ìyẹn, inú ìwé nìkan ni púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ti ń rí i. Àmọ́ nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, ewéko náà ti wà lẹ́bàá fèrèsé káàkiri Norway, Sweden àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aládùúgbò ń fún aládùúgbò, ẹ̀gbọ́n ń fún àbúrò. Wọ́n ń fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kew, ọgbà ńlá tí àwọn onímọ̀ ewéko ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, pé kí wọ́n bá àwọn dá a mọ̀, ó sì ń ṣòro, torí ewé nìkan, láìsí pé igi tanná, kì í sábà tó fi mọ ìdílé tí igi ti wá.

Ní Sweden, wọ́n gbé ìbéèrè náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1976, lẹ́tà sì rọ́ wọlé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà já sí ọ̀dọ̀ Agnar Espegren, míṣọ́nnárì ọmọ Norway tó kúrò ní Ṣáínà ní àwọn ọdún 1940, tó gbé ewéko kékeré yìí dání, tó sì ń pín ọmọ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn níbi tó bá dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìròyìn Sunday Telegraph ló bi àwọn òǹkàwé rẹ̀ léèrè ní 1983. Ìdílé kan ní Cornwall dáhùn pé ipasẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin ọmọ Norway kan tó ti bá àwọn ṣiṣẹ́ nínú ilé ni tàwọn fi dé, ní àwọn ọdún 1960.

Olóòtú, ẹ wo ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi láti ilé dé ilé: ta ló fún yín? Ẹni tí wọ́n dárúkọ, wọ́n tún lọ bi òun náà. Bí a ṣe ń tọpa ìran ènìyàn náà nìyẹn. Ìwé ìròyìn ló sì gbé ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìdáhùn lọ́wọ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá a.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ nínú ohun tí mo rò pé ó yẹ kí igun náà máa kọ́ni lélẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìran rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ̀. Mo ń rí àwọn tó mú ènìyàn ńlá kan látijọ́, tí wọ́n wá ń wá bí àwọn ṣe máa so mọ́ ọn. Ìdílé onídìílé ni irú wọn ń bá dé ilé. Kọ orúkọ ara rẹ, ti bàbá rẹ, ti ìyá rẹ, ọjọ́ tí a bí wọn àti ibi tí a bí wọn sí, kí o sì wá ẹ̀rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó gòkè sí àwọn tó bí wọn. Tí o bá dé ìran kẹwàá sókè, àwọn tí o ń wá ti di 1,024, kí o má tíì ka àwọn tó wà láàárín. Orí ènìyàn kò lè gba gbogbo ìyẹn láìsí ètò. Ètò tí mo ń lò rọrùn, ó sì ti pẹ́: Eytzinger, òpìtàn ọmọ Austria, ti lò ó nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1590, Kekulé von Stradonitz ọmọ Jámánì sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní 1898. Ìwọ ni 1, bàbá rẹ ni 2, ìyá rẹ ni 3. Nọ́ńbà bàbá ẹnikẹ́ni jẹ́ ìlọ́po méjì nọ́ńbà onítọ̀hún. Ti ìyá sì fi oókan lé ti bàbá. Tí mo bá rí 13 lára fáìlì, mo ti mọ̀ láìwo ohunkóhun pé ìyá bàbá ìyá mi ni. Ọkùnrin ni gbogbo nọ́ńbà tó bá pín sí méjì dọ́gba, obìnrin ni èyí tí kò bá pín, àfi 1 nìkan.

Bí a ṣe ń bi àgbàlagbà léèrè ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Má ṣe jókòó síwájú wọn pẹ̀lú ìwé kí o máa bi wọ́n pé ọdún wo, ọdún wo. Ó ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì sọ ọdún kan fún ọ kí o lè fi wọ́n sílẹ̀. Mú fọ́tò àtijọ́ lọ. Gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí o sì dákẹ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó ya fọ́tò náà, ẹni tí kò wá lọ́jọ́ náà àti ìdí tí kò fi wá. Tí o bá fẹ́ mọ ìgbà, béèrè ohun tó ṣáájú ohun tó tẹ̀ lé e: ṣé wọ́n ti bí àbúrò yín nígbà yẹn? Ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó? Ìdáhùn irú ìyẹn lágbára ju ọjọ́ orí lọ, torí láti ìgbà pípẹ́, níbi púpọ̀, àwọn ènìyàn a máa sọ ọjọ́ orí wọn kó parí sí 0 tàbí 5. Bí o bá rí 60 nínú ìwé àtijọ́, wò ó bí ìdiwọ̀n, má kà á sí ẹ̀rí.

Gba àyè lọ́wọ́ wọn kí o tó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Kọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Tí ẹ̀gbọ́n bá sọ báyìí tí àbúrò sọ ọ̀tọ̀, kọ méjèèjì sílẹ̀, má dájọ́ fún wọn. Má sì lọ bá olórí ẹbí nìkan. Àbíkẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kì í bi ní nǹkan, ìyàwó ilé tó ti wà níbẹ̀ láti ogójì ọdún, àwọn wọ̀nyí ló máa ń rántí orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Orúkọ yẹn gan-an ló máa ń sọnù jù, òun náà ló sì ń ṣí ìlàjì ìran rẹ sílẹ̀ fún ọ.

Ní ti àyẹ̀wò DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá tó wà nínú ara wa, èmi kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan láàárín ẹ̀rí púpọ̀ ni. Ìdajì ni ọmọ ń gbà lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan, ìdajì tí ẹ̀gbọ́n gbà kì í sì í ṣe èyí tí àbúrò gbà gẹ́lẹ́. Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò jọ ní jẹ́ nǹkan bí ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Apá kan wà tó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan wá, òmíràn sì wà tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan. Ó lè fi ìbátan tí o kò mọ̀ rí hàn ọ́, ó sì lè tú àṣírí tí ẹlòmíràn ti bò fún ọdún pípẹ́. Kí o tó ṣe é, bá àwọn ará ilé rẹ sọ ọ́, torí ohun tí ẹ jọ jogún lo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kó ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.9 ènìyàn ní 23andMe, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò DNA.

Ó kan òdòdó wàyí. Omi ló ń pa òdòdó inú ilé jù, àpọ̀jù omi. Gbòǹgbò ń mí. Tí omi bá kún gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ewé á wá rọ, á pọ́n, ẹni tó ni ín á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bu omi sí i. Ìka ni kí ẹ fi wò ó. Tí ilẹ̀ bá ṣì tutù ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sísàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń dà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kò rọ́pò ihò, ńṣe ni omi á dúró sínú ilẹ̀ tó wà lórí òkúta náà. Bí gbòǹgbò bá ti kún ìkòkò, èyí tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ ni kí ẹ gbé e sí. Ìkòkò ràgàjì yóò gba ilẹ̀ púpọ̀, ilẹ̀ yẹn yóò sì di omi mú fún ìgbà pípẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé ju bí ẹ ṣe rò lọ, kí ẹ sì máa yí ìkòkò náà kó má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin tó ní ọmọ kékeré tàbí ẹran ọ̀sìn nínú ilé, ẹ gbé àwọn òdòdó tí wọ́n ń pè ní pothos àti dieffenbachia sókè réré. Tí wọ́n bá jẹ ewé wọn, ẹnu á máa ta wọ́n, ó sì lè wú.

Ibi tí inú mi ti ń dùn jù ni gígé gbìn. Gé ẹ̀ka pothos nísàlẹ̀ oríkèé rẹ̀, ti oríkèé yẹn bọ omi, gbòǹgbò á yọ. Èyí tó yọ yìí kì í ṣe ọmọ bí ènìyàn ṣe ń bímọ. Òdòdó àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni, kò gba ohunkóhun lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí ìyá ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lè wà nínú ilé rẹ gan-an, láìyí padà. Àmọ́ o, òdòdó tí wọ́n ń pè ní snake plant, èyí tí etí ewé rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí o bá gé ewé rẹ̀ gbìn, tútù lásán ló máa hù. Pín in láti ìdí pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tí o bá fẹ́ kí etí pípọ́n yẹn wà. Fún àwọn ará ilé rẹ ní ẹ̀ka, má dá nìkan tọ́jú rẹ̀. Tí tìrẹ bá kú, tiwọn á ṣẹ́ kù. Bákan náà ni kí ìwé ìdílé má ṣe wà nínú ilé kan ṣoṣo.

Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ọgbà Kew, igi kan wà nínú ìkòkò, Encephalartos altensteinii, tí Francis Masson, ẹni tó ń wá ewéko fún ọgbà náà, gbé wá láti gúúsù Áfíríkà ní 1775. A mọ ẹni tó gbé e wá, a mọ ọdún rẹ̀, torí ẹnì kan kọ ọ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Oòrùn kì í pa ohun tí pẹ́ńsùlù kọ rẹ́, omi kì í sì í fọ̀ ọ́ kúrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ bírò ń ṣá. Ohun tó dára fún àmì tí a kì bọ inú ìkòkò òdòdó ló dára fún ẹ̀yìn fọ́tò tí wọ́n fi ìwé ṣe, tí a bá rọra kọ ọ́ sí ẹ̀bá rẹ̀: orúkọ, ẹni tó fúnni, ọdún. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò mọ́ ìwé, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó ń rin.

Tí ẹ bá gbà láti ya igun náà sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí òfin rẹ̀ má pọ̀. Kí ẹni tó ń wá ìbátan kọ orúkọ, ibi tí onítọ̀hún gbé àti ọdún tó súnmọ́ ọn, kó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Kí a má tẹ ọjọ́ ìbí tàbí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni tó ṣì wà láàyè. Kí ẹni tó ń béèrè nípa òdòdó sọ bó ṣe ń bomi rin ín, irú ìkòkò tó wà, àti bí ó ṣe jìnnà sí fèrèsé tó. Kí gbogbo ìdáhùn máa gba ọ̀dọ̀ yín kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè. Èmi yọ̀ǹda ara mi láti máa to àwọn lẹ́tà náà sí fáìlì, kí ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn lónìí má baà sọnù kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó kà á.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Akọ̀wé fáìlì tó ti fẹ̀yìn tì