Kí o tó di ẹrù rẹ

Kàbà,
Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Ìkejì mi,

Òkun o! Ṣé òtútù Manchester ò tíì mú ọ gbàgbé iyán ilé? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an lọ́sẹ̀ yìí, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀ báyìí.

Kámẹ́rà bàbá mi ti jí! Pentax K1000 yẹn náà, èyí tí a jí gbé lọ sódò lọ́jọ́ tí wọ́n nà wá. Mo ra bátìrì pẹlẹbẹ kan sí i, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ sì gbéra. Mo jókòó sórí àga wọn, mo ń tẹ̀ ẹ́ ká, ká, ká, láìsí fíìmù nínú rẹ̀, títí ìyàwó mi fi wá bi mí pé ta ni mò ń yà.

Fíìmù gan-an wá ni wàhálà. Mo rí ẹyọ kan nínú agolo bàbá, fíìmù aláwọ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti 2004. Ara mi ò gbà á, mo fi sínú kámẹ́rà, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Bùnú nídìí òfì. Mo yà á tán, mo fi rán dírẹ́bà kan sí Èkó kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko! Nígbà tó dé, àfi bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan láti inú omi ọṣẹ. Ooru ti ba fíìmù náà jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú 36, ẹyọ kan ló jáde: ọwọ́ Ìyá, òwú há sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, gbogbo iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ń hàn. Ojú wọn ò sí níbẹ̀.

Wọ́n ti rù, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ṣì máa ń jókòó ti òfì láràárọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ń hun nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n ní kí n gbé àpótí wá. O mọ aṣọ ipò yẹn, aṣọ pupa bàbá wọn, tó ń rùn káńfọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n ní: “Bó o bá máa yà mí, èyí ni kó o fi yà mí. Má jẹ̀ẹ́ kó di ọjọ́ tí mo bá dákẹ́ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣì máa rí ọmọ ọmọ mi. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Fíìmù dúdú àti funfun ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé òótọ́ ni. HP5 Plus ti Ilford, 400 ni ìwọ̀n ìyára rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀; ó ń mu ìmọ́lẹ̀ yára ní ìlọ́po méjì ju 200 lọ, yóò sì rí Ìyá nínú yàrá òfì tó ṣókùnkùn yẹn. Èmi fúnra mi lè fọ̀ ọ́ nínú yàrá bàbá: ooru oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ kò ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ, yìnyín ọjà ni màá fi mú un tutù. Ti aláwọ̀ ń fẹ́ kí oògùn gbóná dé 38, kó má sì yẹ̀. Pẹ̀lú iná tiwa yìí kẹ̀?

Ṣùgbọ́n bí mo bá fi dúdú àti funfun yà wọ́n, aṣọ ipò á di eérú. Aṣọ tí wọ́n fi ń sin ọlọ́lá ní Bùnú! Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn. Nítorí náà mo fẹ́ Kodak Gold 200 fún aṣọ pupa náà, nínú àgbàlá, nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù díẹ̀, irú fíìmù bẹ́ẹ̀ á fara dà á. Òkùnkùn ni kì í gbà.

Igi máńgòrò bàbá rẹ wó, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àbúrò mi obìnrin bí ìbejì, lánti-lánti. Ọ̀nà Ìsánlú ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀.

Jọ̀ọ́, HP5 Plus mẹ́ta, Gold 200 méjì. Mobberley tó wà nítòsí yín níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe HP5 ọ̀hún. Wo ọjọ́ ara páálí kó o tó sanwó. Má ṣe kó o sínú àpótí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ń ba fíìmù jẹ́. Fi sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku ọ̀kan. Oṣù Kejìlá lo sọ pé wàá wálé. Ṣé kò lè jẹ́ Oṣù Kẹwàá? Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé, “Èkejì rẹ ńkọ́?” Mo fẹ́ kó o dúró tì wọ́n nínú fọ́tò náà.

Mo ti fọ agolo bàbá, ó ti gbẹ. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ amù, níbi tó tutù jù lọ nínú ilé. Ibẹ̀ ni fíìmù yóò máa sùn.

Èmi ni,
Ìkejì rẹ.