Ẹdẹ Ni Wọ́n Ti Tú Fáírọ́ọ̀sì Yẹn Wò, Abẹ́rẹ́ Ńkọ́?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àdéhùn àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ṣe ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ni mo bá wá, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ó kàn wá o.

Ẹdẹ ni mò ń gbé. Ní March 2020, tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, láàbù Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní Redeemer's University níbí ni wọ́n ti tú fáírọ́ọ̀sì yẹn wò látòkè délẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà, wọn ò sì fi pamọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e sí kí gbogbo ayé rí i lò. Inú wa dùn débi pé à ń fi ṣe fáàrí kiri ìlú.

December 8, 2020 ni Britain ti ń gún àwọn arúgbó tiwọn ní abẹ́rẹ́ kòrónà, tiwa ò dé àfi March 2, 2021, kò tó mílíọ̀nù 4 fún orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú ẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gún un, wọ́n á ní ó ti tán, ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà tí tàwọn olówó wá pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, èyí tó kù díẹ̀ kó ẹ̀spáyà ni wọ́n ń kó ránṣẹ́, ní December 2021 ìjọba sì lọ ba èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ l'Abuja. Àsìkò yẹn náà làwọn ará South Africa àti Botswana kéde Omicron, ẹ̀yà kòrónà tuntun, fáyé, wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, Britain tún ti Nàìjíríà mọ́ ọn. Ẹni tó pariwo olè ni wọ́n tì mọ́lé!

Mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, ńkọ́? Láti 2017 la ti ń bá a yí, ó dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2022, kíá lọ́dún yẹn ni wọ́n rí abẹ́rẹ́ gún, àwa ò rí tiwa àfi August 2024, 10,000 péré. Ó dà bí èésú tá à ń dá lóṣooṣù tí kì í kàn wá láti kó.

Orílẹ̀-èdè 124 ló dìbò fún àdéhùn náà ní May 2025. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé nígbà àjàkálẹ̀, káwọn ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti oògùn tó bá wọ inú ẹ̀ ya ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń ṣe sọ́tọ̀ fún WHO, ó kéré tán 10 níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyókù lówó tí ò gani lára. Ó dáa, àmọ́ bí wọ́n ṣe máa ṣe é gan-an, ìyẹn bí a ó ṣe fi fáírọ́ọ̀sì tá a rí hàn wọ́n, káwọn náà sì fún wa ní abẹ́rẹ́, ìwé àfikún ni wọ́n tì í sí, ibẹ̀ ni ìjà wà.

Indonesia fi sánpù fáírọ́ọ̀sì àrùn adìyẹ (bird flu) tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ pamọ́ ní 2007 torí irú ìrẹ́jẹ yìí. Mo mọ bó ṣe dùn wọ́n tó, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀, torí àrùn tá a bá bò mọ́lẹ̀, ará ilé wa ló máa kọ́kọ́ pa. Ohun tí mo fẹ́ ni pé káwọn tó ń ṣojú wa má gba ìwé kankan tí ò bá sọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ lo ohun tá a tú jáde l'Ẹdẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé iye báyìí lòun máa fún wa, ọjọ́ báyìí ló máa dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n l'Abuja, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde.

Òǹkàwé yín, láti Ẹdẹ