Àwọn tó ń béèrè sójà ìpínlẹ̀: kí ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa ṣe lọ́dún tí kò sógun?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan lórí èdè wa. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Òkè-Àdó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì ń ṣe jẹun níbí. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi kọ̀wé. Ẹni tó kọ ọ́ ní àfi kí gómìnà kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá ní sójà tirẹ̀ kí ọkàn wa tó balẹ̀, ó ní ṣebí gbogbo gómìnà Amẹ́ríkà ló ní sójà. Òótọ́ ni, wọ́n ní in. Ṣùgbọ́n orí ìbọn ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, orí ìbọn náà ló parí rẹ̀ sí. Kò sọ ohun tí àwọn sójà yẹn ń ṣe láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo wà nínú ẹgbẹ́ náà, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn wa mọ bó ṣe rí.

Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni àwọn ológun ìpínlẹ̀ Texas, Camp Mabry nílùú Austin sì ni olú iléeṣẹ́ wọn. Méjì nínú wọn jẹ́ National Guard, ti orí ilẹ̀ àti ti òfurufú. Àwọn wọ̀nyí lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Wọn kì í ṣe sójà ojoojúmọ́: ẹlòmíì ń wakọ̀, ẹlòmíì ń ṣe tíṣà, ẹlòmíì ṣì wà ní yunifásítì. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún ni wọ́n fi ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá méjì ni wọ́n ní. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, wọ́n á búra fún òfin ìpínlẹ̀, wọ́n á tún búra fún òfin Amẹ́ríkà. Abẹ́ gómìnà ni wọ́n wà lọ́jọ́ gbogbo, àmọ́ ààrẹ lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì rán wọn lọ sójú ogun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Guard Texas ló lọ sí Iraq àti Afghanistan.

Ọ̀wọ́ kẹta ni Texas State Guard, ibẹ̀ ni tèmi. Gómìnà nìkan ni ọ̀gá wa. Òfin ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ pé wọn ò gbọdọ̀ pe irú ẹgbẹ́ tiwa wọnú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ńṣe la yọ̀ǹda ara wa. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oṣooṣù kò lówó nínú, ọjọ́ tí gómìnà bá pè wá síṣẹ́ nìkan la ń gbowó. Òfin Texas kò sì gbà kí ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan lé ẹni tí wọ́n pè lọ síṣẹ́ Guard. Kí àwọn tó ń kọ òfin nílé jọ̀ọ́ ṣàkíyèsí èyí, nítorí bí ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ bá mọ̀ pé òun lè tìtorí ẹ̀ pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kò ní wá.

Ojú ọjọ́ ló ń pín ọdún wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle lágbègbè yìí, nítorí náà kí oṣù kẹfà tó wọlé la ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa wakọ̀, ẹni tó máa wà nídìí oògùn, ẹni tí òun alára ní òbí arúgbó nílé tí kò lè tètè jáde. A máa ń pe ara wa lórí fóònù láti wò ó bóyá gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ṣì ń lọ. Iṣẹ́ tí kò gbayì lójú ẹnikẹ́ni nìyẹn, òun ló sì ń gba àkókò wa jù.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ ṣàlàyé dáadáa. Nígbà tí omi bá lé èèyàn nílé, ọkọ̀ ńlá ló ń kó wọn lọ sí ibùdó, nígbà míì sí ìlú mìíràn pátápátá. Kí ẹnì kankan tó wọ ọkọ̀, àwa State Guard á fi ẹ̀gbà oníke kan sí i lọ́rùn ọwọ́. Àmì tí ẹ̀rọ lè kà wà lára ẹ̀gbà náà. A ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àdúgbò tó ti ń bọ̀, àwọn tó bá a wá, títí kan ajá tó bá mú dání, ajá náà á sì gba àmì tirẹ̀. Bó bá ń wọ ọkọ̀, a ó fi ẹ̀rọ kà á. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó, wọ́n á tún kà á, kọ̀ǹpútà á sì mọ ibi tó wà. A máa ń fi ṣe ìdánrawò ní gbọ̀ngàn iléèwé: àwọn kan á ṣe bí ẹni tí omi lé, àwọn kan á jókòó sídìí tábìlì, a ó máa ṣe é títí ọwọ́ wa á fi yá.

Ìjì Harvey dé Texas ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2017. Nítòsí Rockport ló ti gúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá dúró sórí wa, tí òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru. Nílùú Nederland, òjò tó rọ̀ lé ní ọgọ́ta ínǹṣì. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Gómìnà Greg Abbott pe gbogbo Guard Texas pátá, nǹkan bí 12,000 èèyàn. Ọkọ̀ ológun tó ga ló ń wọnú omi lọ gbé èèyàn, hẹlikọ́pítà ń fa àwọn míì sókè láti orí òrùlé.

Ní ibùdó tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n mú màmá kan wá sọ́dọ̀ mi nítorí wọ́n gbọ́ pé Yorùbá ni mí. Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù kan tí omi ti yí ká. Àna rẹ̀ gbé ìkókó wọ ọkọ̀ kan, màmá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin wọ òmíràn, ọkọ̀ méjèèjì ò sì lọ síbì kan náà. Ìdajì aṣọ rẹ̀ ti tutù, ó fi ìró bo ọwọ́ tí ẹ̀gbà náà wà, ó ní, "Ọmọ mi, kí lẹ dè mí lọ́wọ́ sí? Ṣé ẹ fẹ́ tì mí mọ́lé ni?" Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, òun la máa fi wá àwọn ọmọ yín kàn." Ó na ọwọ́ náà sí mi. Mo wá àna rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: ibùdó mìíràn ló wà, wọ́n ti ka ẹ̀gbà ọwọ́ òun àti ti ìkókó ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú. Mo bá a pè é. Nígbà tí màmá gbọ́ ohùn rẹ̀, ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni bóyá ọmọ ti mu ọmú. Ká ní ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni, a ò bá máa fi gbohùngbohùn kéde orúkọ Yorùbá tí òyìnbó ò lè pè fún gbọ̀ngàn tó kún bámúbámú.

Títí di ọdún 2024, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, àwọn oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì tiwa máa ń dara pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ lọ sí àfonífojì Rio Grande, lẹ́bàá ibodè Mexico. A máa ń sọ iléèwé di ọsibítù fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀: abẹ́rẹ́ àjẹsára fáwọn ọmọ tó fẹ́ padà síléèwé, àyẹ̀wò ojú, eyín, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ṣe é. Ìdánrawò àjálù ni wọ́n fi ṣe, nítorí bí a ṣe máa gbé ọsibítù kalẹ̀ lẹ́yìn ìjì náà la ṣe ń gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ara àwọn tó wá ń yá ní tòótọ́. Obìnrin kan wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru débi pé a ò jẹ́ kó padà sílé. Bó bá di oṣù kejìlá, a ó kó ohun ìṣeré jọ lọ fún àwọn ọmọdé tó fẹ́ ṣe Kérésì lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Lóṣù kejì ọdún 2021, tí yìnyín bo Texas tí iná sì lọ, ńṣe ni Guard ń gbé èèyàn lọ síbi tó móoru, wọ́n ń pín omi. Nígbà Kòrónà, wọ́n wà nídìí àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Mi ò ní fi apá kan pamọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2021 ni gómìnà ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Guard lọ sí ibodè lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọlé láìgba ìwé, ọ̀rọ̀ òṣèlú tó pín ilé níyà ni. Àwọn kan pẹ́ níbẹ̀ kọjá bí wọ́n ṣe rò. Lóṣù kẹrin ọdún 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Guard kan bọ́ sínú odò Rio Grande láti yọ àwọn tó dà bí ẹni ń rì, omi gbé òun lọ. Ó dùn mí títí dòní.

Mo sì mọ ẹ̀rù tó ń ba àwọn àgbà wa nílé, àwọn tí kò gbàgbé bí wọ́n ṣe lo akódà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ fún ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ó ṣẹlẹ̀ níbí náà. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1957, Orval Faubus, gómìnà Arkansas, kó National Guard lọ dínà iléèwé Central High nílùú Little Rock, kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án má bàa wọlé kẹ́kọ̀ọ́. Ààrẹ Eisenhower gba gbogbo Guard Arkansas lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rán sójà ìjọba àpapọ̀ lọ sin àwọn ọmọ náà wọ kíláàsì. Òfin tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ti wà nílẹ̀ kí Faubus tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí gómìnà tiwa ní ọmọ ogun, kó kọ́kọ́ sọ fún wa ẹni tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ṣì wọ́n lò.

Bí nǹkan ṣe wà lónìí, òfin Nàìjíríà fi ológun sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. A ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2020, kí wọ́n máa ṣọ́ igbó àti ọ̀nà oko wa, Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn náà. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí gómìnà má kọ orúkọ nọ́ọ̀sì, awakọ̀, atukọ̀ àti wẹ́dà sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó máa pè wọ́n jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ kí òjò tó dé. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí Ògùnpa kún ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wa so okùn mọ́ra, wọ́n wọ omi, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ó wó afárá, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú. Houston ni mo wà, mò ń pe ilé, kò sí iléeṣẹ́ kankan tó lè sọ fún mi ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà. Ọjọ́ kejì ló tó fẹsẹ̀ rìn délé aládùúgbò kan tí fóònù rẹ̀ ń lọ.

Mo bẹ ẹ̀yin oníròyìn. Bí ẹ bá tún fi ọ̀rọ̀ wá gómìnà kan lẹ́nu wò lórí ètò ààbò, ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló wà nínú ìwé rẹ̀ tó máa dìde bí Ògùnpa bá kún lọ́la, ọwọ́ ta ni nọ́ńbà fóònù wọn wà, ìgbà wo ni wọ́n sì pé jọ kẹ́yìn. Ẹ gbé ìdáhùn wọn jáde bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Bí ìpínlẹ̀ kan bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ṣetán láti wá fi ìsinmi ọdún mi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọn ní ètò ibùdó àti bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbà ọwọ́ wá èèyàn, láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì ọmọ Òkè-Àdó,
Houston, Texas.