Àdùkẹ́, tọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́sẹ̀ wọ inú Ilé

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka iṣẹ́ rẹ lórí àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi ta ko ẹrú níní ní Amẹ́ríkà. O kọ ọ́ pé gbogbo wọn ló ní kí Ilé Aṣòfin dá ẹrú gbogbo ilẹ̀ náà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olú-ìlú, Washington, ni ọ̀pọ̀ wọn dárúkọ, torí ibẹ̀ ni òfin ilẹ̀ wọn fi sábẹ́ àṣẹ Ilé pátápátá. Ìpínlẹ̀ bíi Virginia ló ń ṣòfin ẹrú tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó kọ̀wé mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn.

Aṣòfin kan ló gbọ́dọ̀ bá ará ìlú gbé ìwé síwájú Ilé. Lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì jábọ̀. Ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n dí. Ní 26 oṣù Karùn-ún 1836, Ilé Aṣojú, ọ̀kan nínú ẹ̀ka méjì Ilé Aṣòfin, dìbò, 117 sí 68, pé orí tábìlì ni ìwé tó bá ti kan ẹrú yóò wà: wọn kò ní tẹ̀ ẹ́, wọn kò ní fún ìgbìmọ̀ kankan. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń gbà á. Ní 1840 ni Ìlànà 21 dé, tó ní kí wọ́n má tilẹ̀ gbà á rárá, 114 sí 108. Ṣé o rí bí ìbò ṣe sún mọ́ra? Ẹ̀tọ́ ìkọ̀wé-ẹ̀bẹ̀ wà nínú òfin ilẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti ẹrú nìkan. Má pa ìpinnu méjèèjì pọ̀ mọ́.

Fi John Quincy Adams kún un, ààrẹ àná tó padà di aṣojú. Ní 1837 ó béèrè lọ́wọ́ Abẹnugan bóyá ìwé tó wá láti ọwọ́ ẹrú 22 wà lábẹ́ ìpinnu orí tábìlì náà. Ilé dàrú, wọ́n fẹ́ bá a wí ní gbangba. Ó jẹ́ kí wọ́n pariwo títí kó tó sọ pé òdìkejì ohun tí wọ́n rò ni ìwé náà ń béèrè. Àgbà ọlọ́gbọ́n ni, o jàre.

Má sì ro àwọn ìbuwọ́lù pọ̀ kí o pè é ní iye ènìyàn. Obìnrin kan lè fọwọ́ sí ti Washington, kó tún fọwọ́ sí èyí tó ní kí wọ́n má gba Texas wọ Amẹ́ríkà.

Ìlànà 21 wó ní 3 oṣù Kejìlá 1844, 108 sí 80. Àwọn ẹrú Washington dúró di 16 oṣù Kẹrin 1862 kí òfin tó dá wọn sílẹ̀, àwọn olówó wọn ni ìjọba sì san owó fún, ó lè tó 300 dọ́là lórí ẹnì kan. Tún abala kejì kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ìyá rẹ